Kí Ló Wà Nínú Orí Òkété?

Ní Kọ́bapẹ́, lójú ọ̀nà tó ti Abẹ́òkúta lọ sí Ṣíún àti Ṣàgámù, àwọn tó ń ta ẹran ìgbẹ́ kì í pariwo ọjà. Wọ́n á kàn na ẹran sókè sí awakọ̀, ẹni tí yóò rà á ló ń tẹ bíréèkì. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ tiwa dúró, ọ̀yà méjì ló so kọ́ igi, òkété kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn tí ìrù rẹ̀ gùn tó ara rẹ̀. Ìdajì ìrù náà dúdú, ìdajì tó kù sí ìsàlẹ̀ funfun bí ẹfun.

"Ọ̀gá mi, ẹ má wo ọ̀yà, owó rẹ̀ ti lé. Òkété yìí ni kẹ́ ẹ mú."

Mo ní, "Àǹtí, kí lẹ ń fi orí rẹ̀ ṣe?"

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Orí kẹ̀? Ẹ ó jẹ ẹ́ ni. Àfi tẹ́ ẹ bá fẹ́ lò ó fún nǹkan míì, ìyẹn ò sì kàn mí."

Nǹkan míì tó ń sọ yé wa. Òkété kì í ṣe ẹran lásán nílẹ̀ yìí. Ó wà lára ohun tí Ifá ń gbà, àwọn àgbà sì ní ìtàn bó ṣe bá Ọ̀rúnmìlà mulẹ̀ tó tún dalẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan míì tó wà lọ́kàn tèmi kò ní babaláwo nínú. Lọ́sẹ̀ yẹn, iṣẹ́ ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí ọpọlọ òkété ni mò ń kà, iṣẹ́ náà kò sì wá láti òkè òkun. Yunifásítì ìjọba àpapọ̀ fún iṣẹ́ àgbẹ̀, FUNAAB, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní January 1988, wà ní Alábàtà, lápá ibòmíràn ní Abẹ́òkúta yìí kan náà. Níbẹ̀, ní ẹ̀ka ìṣègùn ẹranko, Matthew Olude àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú James Olopade ti Yunifásítì Ìbàdàn àti Amadi Ihunwo ti Yunifásítì Witwatersrand ní Johannesburg, gé ọpọlọ òkété fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n kùn ún láró, wọ́n sì gbé e sábẹ́ awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá. Ní 2014 wọ́n kọ ọ́ jáde pé òkété tó ti gbó ṣì ń bí sẹ́ẹ̀lì tuntun nínú ọpọlọ rẹ̀. Nígbà tó di 2015, wọ́n ṣe ti àwọn sẹ́ẹ̀lì alágbàtọ́ tó ń tọ́jú sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ, láti ara ọmọ òkété títí dé ara àgbà rẹ̀. Àwọn ará Ìbàdàn tún kó òkété láti ilẹ̀ àbàtà, láti igbó àti láti ọ̀dàn, kí wọ́n lè mọ bí irin olóró tó wà nínú ilẹ̀ àti afẹ́fẹ́ ṣe ń wọ ọpọlọ.

Iṣẹ́ gidi ni. Ṣùgbọ́n òkú ọpọlọ ni gbogbo rẹ̀. Ọpọlọ tó ti kú dà bí ọjà Ìtòkú ní Abẹ́òkúta ní agogo méjì òru: èèyàn rí ìsọ̀, ó rí ọ̀nà, ó mọ ibi tí aládìrẹ máa ń jókòó sí, ṣùgbọ́n kò gbọ́ ẹni tó ń nájà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí ọjà ń sọ, ojú ọ̀sán ni yóò lọ, yóò sì gbé etí dání.

Ohun tí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fi ń sọ̀rọ̀ ni iná. Luigi Galvani, ará Ítálì, ló kọ́kọ́ fi han ayé pé iná ń ṣiṣẹ́ nínú ẹran ara. Ẹsẹ̀ àkèré ló fi ṣe é, ó sì kọ ọ́ jáde ní 1791. (Ẹni tó bá ṣe Biology ní girama ti kan ọ̀pọ̀lọ́ mọ́ pákó rí, ó sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀lọ́ kì í ṣe ọpọlọ.) Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì kan bá ta iná, títa náà kì í ju nǹkan bí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá lọ. Ẹni tó dúró lẹ́yìn ògiri sẹ́ẹ̀lì náà kò ní gbọ́ ju kẹ́kẹ́ lọ: bátìrì rìmóòtù lásán ní fólìtì kan àti ààbọ̀, èyí kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún fólìtì kan. Ìdí nìyẹn tí wáyà fi gbọ́dọ̀ wọ inú ọpọlọ lọ bá a. Láti òde orí, ariwo ọjà lásán ni a ó máa gbọ́.

Wáyà tí wọ́n ń lò fẹ́lẹ́ ju irun orí lọ. Mẹ́rin ni wọ́n máa ń lọ́ pọ̀, bí onídìrí ṣe ń fi òwú lọ́ irun, wọ́n á wá fi atẹ́gùn gbígbóná yọ́ èèpo wọn kí wọ́n lè lẹ̀ mọ́ra, wọ́n á sì gé ẹnu wọn kó dọ́gba. Kí ló dé tó fi jẹ́ mẹ́rin? Tí èèyàn mẹ́rin bá di ojú tí wọ́n dúró ní igun mẹ́rin ìsọ̀ kan, tí obìnrin kan pariwo, ẹni tó sún mọ́ ọn yóò gbọ́ ọ kíkan, ẹni tó jìnnà yóò gbọ́ ọ fẹ́ẹ́rẹ́. Bí wọ́n bá fi ohun tí wọ́n gbọ́ wéra, wọ́n á mọ ibi tí ìyá náà wà, wọn kò sì ní ṣì í mú fún ìyá kejì. Bẹ́ẹ̀ náà ni kọ̀ǹpútà ṣe ń ya ohùn sẹ́ẹ̀lì kan sọ́tọ̀ kúrò lára ti èkejì, ó sì máa ń tẹ́tí ní ìgbà 30,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ẹni tó sọ iṣẹ́ yìí di olókìkí ni John O'Keefe ní London. Ní 1971, òun àti Jonathan Dostrovsky kéde pé nínú apá ọpọlọ eku tí wọ́n ń pè ní hippocampus, sẹ́ẹ̀lì wà tó jẹ́ pé àfi tí eku bá dé igun kan pàtó nínú yàrá kó tó ta. Tó bá kúrò níbẹ̀, ó dákẹ́. Sẹ́ẹ̀lì mìíràn ní igun tirẹ̀. O'Keefe gba ẹ̀bùn Nobel ní 2014, pẹ̀lú May-Britt Moser àti Edvard Moser ti Norway.

Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ń gbé wáyà náà sórí ẹran. Eku ti sùn, afẹ́fẹ́ tó ní oògùn oorun ń wọ imú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ohun gbígbóná wà lábẹ́ ikùn rẹ̀, torí ẹran tó bá sun irú oorun yìí kì í lè mú ara rẹ̀ gbóná mọ́. Wọ́n ti fi oògùn pa ojú rẹ̀ kó má baà gbẹ. Irin méjì di orí rẹ̀ mú létí ọ̀tún àti tòsì, ìkẹta gba eyín iwájú. Wọ́n fá irun, wọ́n la awọ, egungun orí yọ, ìlà sì wà lára rẹ̀ bí ojú rírán aṣọ. Níbi tí ìlà méjì ti pàdé ni wọ́n ti ń ka ìwọ̀n: mílímítà méjì sẹ́yìn, ọ̀kan àti ààbọ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Dírílì bí ti dókítà eyín á lu ihò tí kò ju mílímítà kan lọ. Síkíríù wínníwínní mẹ́ta tàbí mẹ́rin á wọ egungun láti di ẹrù mú, wáyà á sọ̀ kalẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, wọ́n á sì fi sìmẹ́ńtì tí dókítà eyín ń lò mọ gbogbo rẹ̀ pa. Ọpọlọ fúnra rẹ̀ kì í mọ ìrora, awọ àti egungun ló ń mọ̀ ọ́n, torí náà oògùn ìrora gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn tó bá jí. Wáyà kì í dúró sójú kan. Ike kékeré kan wà lókè tó ní ìdè, tí wọ́n bá yí ìdè náà lẹ́ẹ̀kan, wáyà á sọ̀ sí i díẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń yí i lójoojúmọ́ nìyẹn títí wọn yóò fi gbọ́ ohun tí wọ́n ń wá.

Ìyẹn ni ti etí. Ẹnu ló kù: ọ̀nà tí èèyàn yóò fi dá sẹ́ẹ̀lì lóhùn.

Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti ń fi iná gbá ọpọlọ. Àléébù rẹ̀ ni pé gbogbo sẹ́ẹ̀lì tó wà ládùúgbò ló ń gbọ́ ọ, ọ̀rẹ́ àti ọ̀tá. Ní 1979, Francis Crick, ọ̀kan nínú àwọn méjì tó tú àṣírí DNA, kọ ọ́ pé ohun tí ìmọ̀ ọpọlọ nílò jù ni ọ̀nà láti darí irú sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo láìfọwọ́ kan àwọn yòókù. Nígbà tó yá, ó ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìmọ́lẹ̀ ni yóò ṣe é. Kò sí ẹni tó mọ bí wọn yóò ṣe ṣe é nígbà náà.

Inú omi dídúró ni ìdáhùn wà. Gbogbo wa la mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ tí kẹ́ẹ̀gì funfun tó ní omi nínú bá pẹ́ nínú oòrùn: inú rẹ̀ á di àwọ̀ ewé, á máa yọ̀. Nínú ìdílé àwọn ohun abẹ̀mí wínníwínní aláwọ̀ ewé bẹ́ẹ̀ ni Chlamydomonas wà, sẹ́ẹ̀lì ẹyọ kan tó ní ìrù méjì tó fi ń lúwẹ̀ẹ́, tó sì máa ń wá ìmọ́lẹ̀ lọ. Peter Hegemann, Georg Nagel àti Ernst Bamberg ní Jámánì fi hàn ní 2002 àti 2003 pé ilẹ̀kùn kékeré kan wà lára rẹ̀ tó jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ ló ń ṣí i. Bí ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ búlúù bá kàn án, ó ṣí, iyọ̀ inú omi á rọ́ wọlé. Bẹ́ẹ̀, kí iyọ̀ rọ́ wọlé gan-an ló ń mú kí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ta. Ní 2005, Ed Boyden, Feng Zhang àti Karl Deisseroth ní Yunifásítì Stanford, pẹ̀lú Nagel àti Bamberg, gbé ilẹ̀kùn yìí sára sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ eku nínú àwo, wọ́n tan ìmọ́lẹ̀, sẹ́ẹ̀lì náà sì ta bí wọ́n ṣe ń tàn án, láìpẹ́ láìyá.

Ọ̀nà tí mo fi ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi ni ìlù dùndún. Níbi òde, gbogbo èèyàn ló ń gbọ́ ìlù. Ṣùgbọ́n tí onílù bá fi ìlù ki ẹnì kan, ẹni tí wọ́n ń kì nìkan ni orí rẹ̀ ń wú, òun ló ń dìde jó, òun ló sì ń náwó. Ìmọ́lẹ̀ ń kan gbogbo sẹ́ẹ̀lì, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ti fún ní ilẹ̀kùn nìkan ló ń jẹ́ ìpè. Fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ti yọ oró rẹ̀ kúrò ni wọ́n ń rán bí ìránṣẹ́, tí yóò gbé jíìnì náà wọlé. Wọ́n á fi abẹ́rẹ́ tó tín-ín-rín fún un sínú ọpọlọ, wọ́n á dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ilẹ̀kùn tó hù. Okùn gíláàsì kan tó fẹ́lẹ́ ni yóò gbé ìmọ́lẹ̀ náà wọlé láti ìta. Nígbà tó fi máa di 2007, Antoine Adamantidis àti Luis de Lecea ní Stanford ti ń fi ìmọ́lẹ̀ jí eku lójú oorun: sẹ́ẹ̀lì ìwọ̀nba ni wọ́n tan ìmọ́lẹ̀ sí, eku sì lajú.

Ohun tó wù mí jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ìgbà tí wọ́n bá so etí àti ẹnu pọ̀ sínú ẹrù kan ṣoṣo. Wáyà tó ń gbọ́ wà nínú ọpọlọ, okùn gíláàsì tó ń sọ wà láàárín wọn. Èèyàn ń gbọ́ ohùn ogún sẹ́ẹ̀lì, kò mọ èwo ni èwo. Ó tan ìmọ́lẹ̀ fẹ́rẹ́. Sẹ́ẹ̀lì mẹ́ta dáhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, mẹ́tàdínlógún dákẹ́. Àwọn mẹ́ta yẹn ló ní ilẹ̀kùn, àwọn gan-an là ń wá. Láti ìgbà náà lọ, bí wọ́n bá sọ̀rọ̀ láìsí ìmọ́lẹ̀, ó ti dá ohùn wọn mọ̀. Ẹ̀tàn pọ̀ níbẹ̀ o. Tí ìmọ́lẹ̀ bá kan irin wáyà tààrà, irin náà á mú iná tirẹ̀ jáde, á sì dà bíi pé sẹ́ẹ̀lì ló sọ̀rọ̀. Tí ìmọ́lẹ̀ bá pọ̀ jù, ọpọlọ á gbóná díẹ̀, ooru náà nìkan sì lè yí ìwà sẹ́ẹ̀lì padà. Oníṣẹ́ tó gbọ́n á tún fi ẹran tí kò ní jíìnì rárá ṣe é, kó lè mọ ohun tó jẹ́ ti ìmọ́lẹ̀ lásán.

Ní Abẹ́òkúta níhìn-ín, ọ̀rọ̀ dídarí ọpọlọ kì í ṣe àlejò. Ní ilé ìwòsàn aláìsàn ọpọlọ tó wà ní Aro ni Dókítà Thomas Adeoye Lambo, ọmọ ìlú yìí tí wọ́n bí ní 1923, ti bẹ̀rẹ̀ ètò rẹ̀ ní 1954, tí àwọn aláìsàn ọpọlọ ń gbé lọ́dọ̀ àwọn ará abúlé pẹ̀lú ẹbí wọn, tí wọ́n ń lọ gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn. Kí Aro tó dé, àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Yorùbá ti ń lo igi asofẹ́yẹjẹ láti fi mú ara wèrè balẹ̀. Ohun tó wà nínú igi yẹn ni reserpine, tí àwọn òyìnbó yọ lára ìbátan rẹ̀ ti ilẹ̀ Íńdíà ní 1952. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà dé lẹ́yìn ìyẹn, àwọn tó ń sọ ọ́ nílé kò pọ̀. Ní Sweden ní 1957, Arvid Carlsson fún ehoro ní reserpine, ehoro wà lójú kan, kò lè mira. Ó fún un ní èròjà kan tí wọ́n ń pè ní L-DOPA, ehoro dìde. L-DOPA yẹn ni wọ́n fi ń tọ́jú àrùn Parkinson, tó ń mú ọwọ́ gbọ̀n, tó ń mú ẹsẹ̀ wúwo, títí dòní, Carlsson sì gba Nobel rẹ̀ ní 2000.

Àléébù oògùn ni pé gbogbo ọpọlọ ló ń mu ún. Òjò ò mẹni ọ̀wọ̀. Ní 2010, Alexxai Kravitz àti Anatol Kreitzer ní San Francisco fi ìmọ́lẹ̀ ṣe ohun tí asofẹ́yẹjẹ àti L-DOPA ṣe, ṣùgbọ́n wọ́n ya ọ̀nà méjì tó wà nínú ọpọlọ sọ́tọ̀ síra. Wọ́n tan ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀nà kan, eku dúró gbagidi bí alárùn Parkinson. Wọ́n tan án sí ọ̀nà kejì lára eku tí wọ́n ti fi àrùn náà ṣe, ẹsẹ̀ rẹ̀ là. Ẹni tó mọ igi asofẹ́yẹjẹ lẹ́yìnkùlé ilé baba rẹ̀ kò gbọdọ̀ ka ìyẹn bí ìròyìn àjèjì.

Ibi tí mo ń lọ rèé. Eku funfun kékeré ni gbogbo ayé ń lò, ìdí rẹ̀ sì dára: ó ti tó ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti ń sìn ín ní láàbù, jíìnì rẹ̀ ti yé wọn bí ìlà ọwọ́. Àwa náà ń rà á, à ń gbé e láti ọ̀nà jíjìn, à ń wá bí a ó ṣe ṣe ohun tí ẹgbẹ̀rún láàbù ti ṣe ṣáájú wa. Ní 2021, Mahmoud Bukar Maina àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ìwé ìwádìí ọpọlọ tí àwọn ará Áfíríkà darí fúnra wọn wò, láti 1996 dé 2017. Ó jẹ́ 5,219. Íjíbítì ló ṣíwájú, Gúúsù Áfíríkà tẹ̀lé e, Nàìjíríà ṣìkẹta pẹ̀lú nǹkan bí 11 nínú ọgọ́rùn-ún. Tiwa kì í ṣe àìṣiṣẹ́. Ohun tí a fi ń ṣiṣẹ́ ni kò pọ̀.

Ẹ wá wo òkété. Eku láàbù wúwo tó nǹkan bí gíráàmù 25, ẹrù gíráàmù méjì sì ti tó o rù lórí. Òkété ń lọ sí kìlógírámù kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó jẹ́ ẹrù kíkan fún eku funfun, fìlà ni fún òkété. Bátìrì, ẹ̀rọ tó ń fi afẹ́fẹ́ ránṣẹ́, ohun tó ń kọ ohùn sẹ́ẹ̀lì sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ á gba orí rẹ̀ láìsí wáyà gígùn lẹ́yìn. Òru ló ń jáde, imú ló fi ń ríran. Ẹgbẹ́ APOPO ní Morogoro, Tanzania, ń kọ́ ìbátan òkété wa láti máa gbóòórùn bọ́ǹbù inú ilẹ̀ àti ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ọ̀kan nínú wọn, Magawa, wá bọ́ǹbù àti ohun ìjà tó ju 100 lọ jáde ní Cambodia, wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ wúrà ní Britain ní 2020. (Ní Tanzania kan náà, ní Arusha, ní 2017, Osh Agabi, ọmọ Nàìjíríà, fi ẹ̀rọ kan han ayé tó so sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ eku mọ́ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà kó lè máa gbóòórùn. Koniku ni orúkọ ilé iṣẹ́ rẹ̀. Ó dàbí pé ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ kò bẹ̀rù ikú.) Imú òkété ń ṣiṣẹ́, gbogbo ayé ló mọ̀. Kí ni sẹ́ẹ̀lì ń sọ nígbà tí imú yẹn bá dé orí ohun tó ń wá?

Ìdí mìíràn wà tó fi yẹ kó jẹ́ níhìn-ín ni wọn yóò ti béèrè. Ní 2003, àwọn oníṣòwò kó ẹran ìgbẹ́ láti Gánà wọ Amẹ́ríkà fún àwọn tó ń fi ṣe ohun ọ̀sìn. Òkété wà lára wọn. Àrùn mpox ràn láti ara wọn dé ara ẹranko kékeré kan tí wọ́n ń pè ní prairie dog, láti ibẹ̀ dé ara èèyàn, ènìyàn 47 ló kàn ní ìpínlẹ̀ mẹ́fà. Lọ́dún yẹn ni ìjọba wọn ti ilẹ̀kùn mọ́ eku àti ìbátan eku láti Áfíríkà, àfi ẹni tó bá gba àṣẹ pàtàkì. Ohun tí wọ́n ń wá ìwé àṣẹ fún, àwa ń rà á lẹ́bàá títì. Ìkìlọ̀ sì wà nínú ìtàn yẹn fún àwa náà: òkété tó bá fẹ́ wọ láàbù, bíbí ni kí wọ́n máa bí i níbẹ̀, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kó má jẹ́ èyí tí pàkúté ṣẹ̀ṣẹ̀ mú.

Owó ńkọ́? Ìdáhùn ọdún 2005 kọ́ ni ìdáhùn òní. Josh Siegle àti Jakob Voigts ní Amẹ́ríkà dá Open Ephys sílẹ̀, wọ́n sì gbé àwòrán ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ohùn sẹ́ẹ̀lì jáde kí ẹnikẹ́ni lè tò ó. Ike orí eku, ẹ̀rọ tó ń yọ́ ike ṣe nǹkan láti inú àwòrán kọ̀ǹpútà lè ṣe é. Ní 2017, André Maia Chagas, Lucia Prieto-Godino, Aristides Arrenberg àti Tom Baden fi hàn pé pẹ̀lú nǹkan bí 100 euro, èèyàn lè tò awò tó ń wo kòkòrò kékeré, tó tún ń tan ìmọ́lẹ̀ sí ọpọlọ eṣinṣin. Prieto-Godino àti Baden wà lára àwọn tó dá TReND sílẹ̀, ẹgbẹ́ tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ Áfíríkà ní iṣẹ́ ọpọlọ. Maina náà ti gbé ibùdó ìwádìí kalẹ̀ ní Damaturu, ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Yobe. Tó bá ṣeé ṣe ní Damaturu, n kò mọ ohun tí Alábàtà yóò sọ.

Ohun tó kù ni iná, kì í ṣe ti inú ọpọlọ. Fáírọ́ọ̀sì tó ń gbé jíìnì ń fẹ́ fírísà tó tutù dé ìwọ̀n 80 sísàlẹ̀ òdo, kò sì gbọdọ̀ yọ́ kó tún dì. Mo wọ láàbù kan rí, n kò ní dárúkọ, tí fírísà rẹ̀ ti di ibi tí wọ́n ń kó ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò sí. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó mú mi káàkiri rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ má bínú sà, ó sàn kó wúlò." N kò bá a jà. Bí mo bá wà nípò rẹ̀, bóyá ohun tí èmi náà ń ṣe nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé etí ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹnu tẹ̀lé e. Wáyà kò nílò fírísà. Lọ́dún àkọ́kọ́, kí wọ́n kàn gbọ́ òkété.

Ibi tí ìmọ̀ yìí ti dé ọ̀dọ̀ ènìyàn, ojú ni ó kọ́kọ́ dé. Ní May 2021, José-Alain Sahel àti Botond Roska kéde nípa ọkùnrin ẹni ọdún 58 kan ní Faransé tí àrùn ìdílé kan ti fọ́ lójú. Wọ́n fi fáírọ́ọ̀sì gbé ilẹ̀kùn ìmọ́lẹ̀ sínú ojú rẹ̀ kan, wọ́n fún un ní awò pàtàkì tó ń yí ohun tó wà níwájú padà sí ìmọ́lẹ̀ tí ojú náà lè gbà. Oṣù ń gorí oṣù. Lọ́jọ́ kan tó ń rìn níta, ó rí ìlà funfun tí wọ́n kùn sójú títì fún àwọn tó ń sọdá. Láti ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í rí ìwé lórí tábìlì àti ife. Inú mi dùn sí ìyẹn. Inú mi kò dùn tó bẹ́ẹ̀ sí ti 2013, nígbà tí àwọn Susumu Tonegawa ní MIT fi ìmọ́lẹ̀ gbé ìrántí tí kò ṣẹlẹ̀ sínú orí eku, tó fi ń bẹ̀rù àpótí tí ẹnikẹ́ni kò ti fìyà jẹ ẹ́ rí. Iṣẹ́ ọgbọ́n ni, ṣùgbọ́n eku ni kó mọ sí.

Ẹran náà sì ń kú lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, torí wọ́n gbọ́dọ̀ gé ọpọlọ rẹ̀ láti mọ ibi tí wáyà wà gan-an. Ẹni tó ti jẹ òkété rí kò lè sunkún ju bó ṣe yẹ lọ. Síbẹ̀, ikú pàkúté àti ìgbé ayé pẹ̀lú ẹrù lórí fún oṣù mẹ́ta kì í ṣe ọ̀kan náà, ẹni tó bá gbé ẹrù náà sí i lórí ló jẹ gbèsè oògùn ìrora, oúnjẹ àti àlàyé ohun tó fẹ́ mọ̀ tí kò lè mọ̀ lọ́nà mìíràn.

Ohun tí èmi ìbá fẹ́ mọ̀ rèé. Ní 2013, Brad Pfeiffer àti David Foster ní Yunifásítì Johns Hopkins gbọ́ ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì hippocampus eku lẹ́ẹ̀kan náà. Eku dúró, kò tíì gbé ẹsẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ti ń ta lọ́kọ̀ọ̀kan, igun sí igun, wọ́n ti rin ọ̀nà tí yóò gbà dé ibi oúnjẹ láàárín ìdá díẹ̀ nínú ìṣẹ́jú àáyá. Lẹ́yìn náà ló wá fi ẹsẹ̀ rin ín. Ṣé òkété náà ń ṣe bẹ́ẹ̀?

Kí ọkọ̀ wa tó gbéra ní Kọ́bapẹ́, mo béèrè lọ́wọ́ obìnrin yẹn bí wọ́n ṣe mú òkété náà. Ó ní ọkọ òun ló mú un. "Ihò rẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan. Á kọ́kọ́ wá gbogbo ẹnu ihò náà rí, á dí wọn, á fi ọ̀kan sílẹ̀. Ibẹ̀ ló máa dúró sí. Á wá finá sí i kí èéfín wọlé."

"Tó bá wá gbàgbé láti dí ọ̀kan ńkọ́?"

"Èyí tó gbàgbé yẹn ni òkété máa gbà lọ." Ó ń fi ọ̀rá dì í bó ṣe ń sọ ọ́. "Kì í ṣì í."